Bí ẹ ṣe lè ya spa sídìí omi gbígbóná tí igbó ò fi ní bínú

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ spa, ìyẹn ibi táwọn èèyàn ti ń wẹ̀ láti fi tu ara lára, sídìí omi gbígbóná, pẹ́ńsùlù kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ mú dání, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti tẹmọ́mítà ni. Mo mọ̀ pé ẹ ti wo fọ́tò lórí Instagram, ẹ ti rí adágún tí èéfín ń rú lójú ẹ̀ láàárín òkúta dúdú, ẹ sì ti ń fọkàn ro ibi tí ẹ máa gbé báà sí. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Omi ló máa sọ ibi tí ilé máa wà, bó ṣe máa tóbi tó, àti aago tó yẹ kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn.

Ìkógòsì ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ, torí ọ̀pọ̀ wa ló mọ ibẹ̀, àwọn míì bá ilé ìwé lọ síbẹ̀ lọ ṣèbẹ̀wò ní kékeré, omi gbígbóná ń jáde lápá kan, omi tútù ń jáde lápá kejì, àwọn méjèèjì á wá ṣàn pàdé ara wọn nísàlẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ló ni ibẹ̀ o, mi ò ní kẹ́ ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ wọn, ká kàn gbà pé wọ́n pè wá ni, pé ká wá ya spa kékeré kan síbẹ̀. Tí tiyín bá wà níbòmíì, ọ̀nà kan náà lẹ máa tọ̀.

1. Ẹ wọn omi fún ọdún kan

Tẹ́ ẹ bá wá Ìkógòsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé omi ẹ̀ gbóná tó 70 dígírì níbi tó ti ń jáde. Ẹ má gbé e lé e. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó gbé ẹ̀rọ lọ síbẹ̀ lọ wọ̀n ọ́n, nǹkan bíi 37 sí 38 dígírì ni wọ́n bá. Ìyàtọ̀ yẹn ló máa pinnu gbogbo iṣẹ́ yín, torí omi 70 máa bó èèyàn lára, ẹ máa ní láti wá ibi tó ti máa kọ́kọ́ tutù kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kàn án, ṣùgbọ́n omi 38 ti wà níwọ̀n tí ara fẹ́ gẹ́lẹ́, wàhálà tiẹ̀ ni pé kó má lọ tutù lójú ọ̀nà. Plan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ ò lè fi ti ibì kan ya ti ibòmíì: ìsun omi Wikki tó wà ní Yankari ò ju nǹkan bíi 31 lọ, Ruwan Zafi ní Adamawa sì ju 50 lọ.

Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 sábẹ́ ibi tí omi ti ń já bọ́, ẹ fi fóònù ka iye sẹ́kọ́ńdì tó fi kún. Ká ní sẹ́kọ́ńdì 10 ni, a jẹ́ pé lítà 2 ló ń wọlé ní sẹ́kọ́ńdì kan, ìyẹn lítà 7,200 ní wákàtí kan (ìṣirò àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe iye ti Ìkógòsì). Púùlù tó gùn ní mítà 6, tó fẹ̀ ní mítà 4, tó jìn ní 0.9 máa gba lítà 21,600, ó túmọ̀ sí pé wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta ni omi inú ẹ̀ máa pààrọ̀ ara ẹ̀ láìsí ẹ̀rọ kankan. Ìyẹn dáa gan-an. Tẹ́ ẹ bá wá sọ púùlù yẹn di ìlọ́po mẹ́wàá torí pé ẹ fẹ́ kó wúni lójú, ọgbọ̀n wákàtí ni yóò gbà kó tó pààrọ̀, omi á ti tutù, á ti dọ̀tí, ẹ máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra hítà àti kẹ́míkà.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, lásìkò òjò àti lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ́ ẹ sì kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Oṣù tí omi bá kéré jù lẹ máa fi ya plan, kì í ṣe oṣù tó pọ̀ jù. Ẹ gbé omi lọ sí lábù pẹ̀lú, ẹ ní kí wọ́n wo kòkòrò àrùn, irin, àti gáàsì tó máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, torí tí gáàsì yẹn bá pọ̀ nínú ẹ̀ ó máa jẹ páìpù onírin, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ibi kòtò ló máa ń kó sí, ẹ ò sì fẹ́ kí ibi tí èèyàn ń jókòó sí jẹ́ kòtò yẹn.

2. Ẹ mọ ibi tí ooru ti ń wá, kẹ́ ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀

Kò sí òkè oníná kankan ní Èkìtì. Òjò ló ń rọ̀ sórí òkè, omi ẹ̀ gba ojú ibi tí òkúta quartzite ti sán wọlẹ̀, ó lọ jìn sísàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ti gbóná, ó wá bá ibòmíì tó sán padà jáde. Torí náà igbó tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìsun yẹn, apá kan spa yín ni, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ ní fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Gbòǹgbò àti ewé tó ti jẹrà ló ń dá òjò dúró kó lè ráyè wọlẹ̀, tẹ́ ẹ bá gé igi tẹ́ ẹ wá da kọnkéré síbẹ̀ kí mọ́tò lè ríbi gúnlẹ̀, òjò á kàn máa sáré gba ojú ilẹ̀ kọjá lọ ni. Ẹ fa ìlà sórí máàpù: láti ojú ìsun sókè, kò sí ilé, kò sí ṣọ́káwéè, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí oko tí wọ́n ń fọ́n oògùn sí.

Ẹ má sì gbẹ́ ilẹ̀ wá omi kún omi. Ní Rotorua, New Zealand, ọ̀pọ̀ ilé àti hòtẹ́ẹ̀lì ló gbẹ́ kànga omi gbígbóná tiwọn, wọ́n ń fà á títí omi abẹ́ ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ tí àwọn ìsun kan sì dákẹ́, ìgbà tó di 1986 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dí gbogbo kànga tó wà láàárín kìlómítà kan àtààbọ̀ sí Pohutu, ìsun ńlá tó máa ń tu omi sókè níbẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn lomi tó padà ń gòkè. Èyí tó bá ṣàn jáde fúnra ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ sì fi díẹ̀ sílẹ̀ kó máa ṣàn lọ bó ṣe ń ṣàn tẹ́lẹ̀.

3. Ẹ bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó bá ẹnjiníà sọ̀rọ̀

Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, òfin 1992 sì wà lórí yíyẹ ohun tí iṣẹ́ ńlá máa ṣe sí àyíká wò, ìwé méjèèjì lẹ máa wá gbà. Àmọ́ ìwé nìkan ò tó. Ẹ lọ kí Kábíyèsí, ẹ jókòó ti àwọn àgbà àti àwọn ìyá tó ń pọn omi náà, ẹ bi wọ́n léèrè: ta ló ń lo omi yìí nísàlẹ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ ọ́, ibo ni aboyún máa ń wá wẹ̀, òkúta wo ni wọn kì í jókòó lé. Ní Ìkógòsì, ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ìyàwó ọkùnrin kan náà ni omi méjèèjì, ọ̀kan gbóná lára, ọ̀kan tutù. Èmi ò ní kọ́ ohunkóhun síbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Kí ọ̀nà kàn gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, kí èèyàn lè kì ẹsẹ̀ kan bọ ti gbígbóná kó kì ìkejì bọ ti tútù, ó ti tó, kò sí àkítẹ́ẹ̀tì tó máa ya ohun tó dùn jùyẹn lọ.

4. Ẹ rin ilẹ̀ náà nígbà tí òjò bá ń rọ̀

Àní nínú òjò gan-an. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ mú àwọn ẹ̀já aṣọ aláwọ̀ pupa dání, ẹ so pupa mọ́ ibi gbogbo tí àgbàrá gbà. Lọ́jọ́ míì tí oòrùn bá yọ, ẹ so funfun mọ́ gbogbo igi tó ju apá èèyàn lọ ní ìbú àti gbogbo òkúta tí katapílà ò lè gbé láìba nǹkan jẹ́. Àyè tó bá ṣẹ́ kù láàárín pupa àti funfun ni ilẹ̀ tẹ́ ẹ ní. Ó máa kéré ju èyí tẹ́ ẹ rò lọ, ó sì máa rí wágunwàgun, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

5. Púùlù kéékèèké, kí omi máa bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì

Ibi tó wù mí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Termas Geométricas ní orílẹ̀-èdè Chile, tí àkítẹ́ẹ̀tì Germán del Sol yà sínú àfonífojì tóóró kan tó kún fún igbó. Kò kọ́ ilé ńlá kankan. Afárá pákó gígùn kan ló tẹ́ gba inú àfonífojì náà, àwọn púùlù kéékèèké tí wọ́n fi òkúta ṣe wà lọ́tùn-ún lósì, abẹ́ pákó yẹn lomi gbígbóná ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì gbin koríko sórí òrùlé àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé pupa fòò ni wọ́n kun pákó náà! Láàárín ewé tútù yẹn ó hàn kedere, kò sì ba nǹkan kan jẹ́, torí kò fara kan ilẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá tú u kúrò igbó á padà sáyè ẹ̀. Ẹ má rò pé kí ilé bá àyíká mu ni pé kẹ́ ẹ kun ún láwọ̀ ewé. Bó ṣe tẹ ilẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù.

Ní Ìkógòsì, èmi á fi púùlù kìíní sí ìtòsí ìsun gbígbóná, kékeré, fún ẹni mẹ́fà péré. Omi ẹ̀ á bọ́ sí ìkejì tó rẹlẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ la ti máa fi omi tútù lù ú: ká ní omi tútù jẹ́ 23 dígírì, tẹ́ ẹ bá da ìdá méjì ti 38 pọ̀ mọ́ ìdá kan rẹ̀, 33 lẹ máa rí, ó dáa fún ọmọdé àti fún ọ̀sán. Ìkẹta á jẹ́ tútù pátápátá, kòtò kan lásán tí èèyàn á wọ̀ tí á pariwo tí á sì jáde. Ẹni tó bá ti lọ gbígbóná, lọ tútù, padà sí gbígbóná, ló máa mọ ìdí tó fi yẹ ká wá sí Ìkógòsì dípò ká lọ jókòó sínú báfù ní hòtẹ́ẹ̀lì. Gbogbo ẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ tó ń fa omi, ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́ yẹn.

6. Kí ooru má sá lọ, kí oòrùn má sì pa wá

Ojú omi ni ooru ti ń sá lọ jù, bí omi ṣe ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà púùlù tó jìn díẹ̀ tí kò fẹ̀ máa gbóná pẹ́ ju èyí tó fẹ̀ tí kò jìn lọ. Kí ojú ọ̀nà tó ń gbé omi wá sí púùlù kúrú, kí ẹ dé e lórí. Ẹ gbin nǹkan sápá ibi tí atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, kẹ́ ẹ sì wá ohun tẹ́ ẹ máa fi bo ojú púùlù lóru.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Èkìtì là wà, kì í ṣe Iceland. Ta ló fẹ́ jókòó sínú omi 38 dígírì ní aago kan ọ̀sán lóṣù kẹta? Ẹ ṣí púùlù gbígbóná láti aago mẹ́fà sí mẹ́wàá àárọ̀, kẹ́ ẹ tún ṣí i láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ títí di mẹ́wàá alẹ́. Lọ́sàn-án, púùlù kejì àti ìkẹta ni ká lò, lábẹ́ igi. Àsìkò ọyẹ́ ni ọjà yín máa tà jù, nígbà tí àárọ̀ bá tutù tí èéfín sì ń rú lójú omi, fọ́tò ọjọ́ yẹn lẹ máa fi polówó.

7. Òkúta, pákó, òrùlé

Ní Vals, abúlé kan ní Swítsàlandì, Peter Zumthor kọ́ ilé ìwẹ̀ omi gbígbóná kan tí wọ́n ṣí ní 1996. Ìdajì ẹ̀ wọnú òkè, koríko ló wà lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wà lókè ẹ̀ ẹ lè rò pé pápá lásán ni, ara ògiri ẹ̀ sì jẹ́ òkúta pẹlẹbẹ tó tó 60,000, tí wọ́n là láti inú òkè ìlú náà. Irú òkúta wo? Quartzite. Irú èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ní Ìkógòsì. Kò sídìí tá a fi máa lọ ra táìlì láti China.

Ohun tẹ́ ẹ máa kíyè sí rèé. Ẹ má là á lára òkè ìsun fúnra ẹ̀, ẹ lọ rà á níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lọ́nà jíjìn. Ẹ sọ fún bíríkìlà pé kò gbọ́dọ̀ dán an níbi tí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀, torí òkúta tó bá ń dán tó sì tutù máa gbé àgbà ṣubú. Àwọ̀ ìsàlẹ̀ púùlù náà ló ń fún omi láwọ̀: táìlì búlúù máa jẹ́ kó dà bíi púùlù hòtẹ́ẹ̀lì, òkúta dúdú kirikiri máa rẹwà ju gbogbo ẹ̀ lọ nínú fọ́tò, àmọ́ tí ẹnì kan bá dákú tó rì, ẹ ò ní rí i. Ẹ lo aláwọ̀ eérú, kẹ́ ẹ sì fi òkúta funfun sí etí gbogbo àtẹ̀gùn inú omi.

Pákó wá ńkọ́? Ikán. Ìrókò àti apá ló lè dúró, kí òpó má sì wọ ilẹ̀ tààrà, ẹ gbé e lé òkúta. Ní ti òrùlé koríko, òjò wa le ju ti Vals lọ fíìfíì, iyẹ̀pẹ̀ tó bá mu omi yó sì wúwo gan-an, ẹnjiníà tó mọṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣírò ẹ̀, tí owó ò bá tó, ẹ lo páànù aláwọ̀ ilẹ̀ lábẹ́ igi ńlá, ẹni tó bá wà lókè nìkan ló máa rí i. Ẹ má wá gbin carpet grass àti igi masquerade yí gbogbo ẹ̀ ká o, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tó ti ń hù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ tún gbìn.

8. Àwọn nǹkan tí ò yẹ ká rí

Ilé ìyàgbẹ́, ilé ìfọṣọ, kíṣìnì, jẹnẹrétọ̀, ibi tí mọ́tò ń gúnlẹ̀: gbogbo wọn pátá, ìsàlẹ̀ ìsun, létí ọ̀nà tó ti wà tẹ́lẹ̀. Òkúta tó sán kì í sẹ́ omi bí iyanrìn ṣe ń sẹ́ ẹ, ohun tó bá wọ inú ẹ̀ lè rìn jìnnà, torí ẹ̀ ni mi ò ṣe gbà kí ṣọ́káwéè tàbí táǹkì dísù wà lókè láéláé. Ẹ lo sólà àti bátìrì lóru, kí ẹni tó wà nínú omi máa gbọ́ omi. Láti ibi mọ́tò, kí ọ̀nà kan wà tí kò ní àtẹ̀gùn, tí kò dà gẹ̀rẹ̀ ju mítà kan sókè nínú mítà 12 lọ, pẹ̀lú irin ìdìmú, torí àwọn ìyá àti bàbá tí orúnkún ń dùn ló fẹ́ omi yìí jù.

Iná alẹ́: kó rẹlẹ̀, kó kọjú sílẹ̀, kó jẹ́ aláwọ̀ pupa-rẹ́súrẹ́sú, iná funfun máa kó kòkòrò wá bá yín.

Mo sì mọ̀ pé onílé máa ní kẹ́ ẹ fi event centre kún un. Ẹ gbé e sí ìlú.

9. Ìmọ́tótó

Ibí yìí lẹ ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Omi tó bá gbóná níwọ̀n 20 sí 45 dígírì ni kòkòrò Legionella fẹ́ràn, ó ń gba inú ìkùukùu omi wọ ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ẹ má fi ṣáwà tó ń fọ́n omi gbígbóná yìí káàkiri síbẹ̀. Kòkòrò míì wà tó ń gba ihò imú wọlé láti inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kì í wọ́pọ̀ àmọ́ ó ń pani, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má ki orí bọ omi. Kí púùlù kankan má ní kọ̀rọ̀ tí omi ti máa dúró sójú kan. Kí gbogbo wọn ní ihò nísàlẹ̀ tẹ́ ẹ lè ṣí kí omi dà nù tán, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n lóòrèkóòrè, kí òṣìṣẹ́ ìlera sì máa wá yẹ omi wò. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lo klórínì, omi tó ń jáde ò gbọ́dọ̀ lọ bá ẹja odò bẹ́ẹ̀, ẹ dá a dúró sí adágún kan nísàlẹ̀ títí klórínì á fi tán kó sì tutù.

Kí gbogbo èèyàn fi ọṣẹ wẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n ń ṣe é ní Japan, wọ́n ń ṣe é ní Iceland, kò sẹ́ni tó ń bínú. Omi ọṣẹ yẹn náà, kó gba inú àbàtà tẹ́ ẹ gbin koríko omi sí kọjá. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ló tó lẹ́ẹ̀kan nínú ti gbígbóná, aboyún àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́kọ́ bi dókítà, kò sí ọtí.

10. Ẹ kọ́ ọ̀kan ná

Blue Lagoon ní Iceland tí gbogbo ayé ń wọ́ lọ, adágún àdánidá kọ́. Omi tí Svartsengi, ilé iṣẹ́ tó ń fi omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ ṣe iná mànàmáná, lò tán ni, wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1976, omi ń ṣàn sínú pápá òkúta dúdú, ohun funfun inú ẹ̀ ń dí ihò òkúta títí omi fi dúró, làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fi ilé kún un díẹ̀díẹ̀, òkúta yẹn ni wọ́n sì ń rìn yí ká.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́ púùlù kejì yẹn nìkan àti ilé ìyípadà aṣọ kan, ẹ lò ó kọjá àsìkò òjò kan àti ọyẹ́ kan, ẹ wo ibi tí àgbàrá ti wọlé, ibi tí àwọn èèyàn ń gbé tówẹ̀ẹ̀lì kọ́ láìsí ìkọ́, ọ̀nà àbùjá tí ẹsẹ̀ wọn là fúnra ẹ̀. Ẹ wá fi ìyẹn ya àwọn tó kù. Púùlù mítà 6 sí 4 yẹn, èèyàn 9 ló tó, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àyè tó ju mítà onígun mẹ́rin méjì àtààbọ̀ lọ díẹ̀. Ẹ máa ta tíkẹ́ẹ̀tì ní wákàtí-wákàtí, tí bọ́ọ̀sì bá kó ogójì èèyàn dé láìsọ tẹ́lẹ̀, ẹ ta ti ọ̀la fún àwọn tó kù.